Ṣúgà inú Báàgì Akínbíyìí

Hóró ṣúgà mẹ́wàá ni Àpínkẹ́ fà yọ láti ìsàlẹ̀ báàgì ọkọ rẹ̀. Inú ọ̀rá kékeré ni wọ́n wà, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sáàárín pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ àti túùbù tí wọ́n fi ń pààrọ̀ èyí tó bá jò. Bó ṣe ń wò wọ́n lọ́wọ́ kan ló tún fi ọwọ́ kejì kan ìgò mínírà méjì, tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé bí ọmọ tuntun. Akínbíyìí fúnra rẹ̀ wà nílé ìwẹ̀, ó ń kọ orin ìsìn, omi ń dà ṣàà.

Ṣé ẹ rí i, oṣù kẹjọ rèé tí dókítà ti ní àtọ̀gbẹ ló ń ṣe ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ṣúgà ti di ọ̀tá nínú ilé wọn ní Bódìjà. Àpínkẹ́ tó jẹ́ olùkọ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti kó gbogbo ṣúgà ilé fún aládùúgbò, òun náà sì ń mu tíì lásán kí ojú má baà ro ọkọ rẹ̀. Obìnrin tó fi ìyà jẹ ẹnu ara rẹ̀ báyẹn, tó wá rí i pé ọkọ ń jí ṣúgà gbé lọ sójú títì, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó pàtẹ́wọ́?

Kò pariwo. Ó tún báàgì dì ni. Ó yọ ṣúgà, ó yọ mínírà, ó yọ búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó wá fi ẹyin sísè mẹ́ta, kùkúńbà àti mọ́ínmọ́ín rọ́pò wọn. Ó da omi tó wà nínú ìgò ara kẹ̀kẹ́ nù, ó sì rọ omi ewúro sí i, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ewúro ń lé ṣúgà jáde lára? Ìgò náà dúdú, ojú kì í ríran wọnú rẹ̀. Nígbà tó so ẹnu báàgì tán, inú rẹ̀ dùn dọ́ba.

Akínbíyìí jáde, ó gún abẹ́rẹ́ sínú ikùn bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ó dúró lórí ìdúró mu ògì ẹnu méjì, ó ní òun ti pẹ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ní Sátidé náà, àwọn méjìlá, Dùgbẹ̀ sì ni wọ́n ti fẹ́ pàdé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, àwọn ọmọ ogójì ọdún ló ń bá a gùn ún, síbẹ̀ iwájú ló máa ń wà. Injíìnì ni wọ́n ń pè é. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Ó ti bẹ Àpínkẹ́ pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọkùnrin tí kì í bẹ̀bẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kí òun bí ẹni tó ti kú díẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà gan-an, ó máa ń dá lọ ni. Ohun tó bá fẹ́ kí ìyàwó gbọ́ nìkan ló ń mú bọ̀ wálé.

Ní bí agogo mẹ́jọ ààbọ̀, Àpínkẹ́ lọ ra abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní ìsọ̀ oògùn Nabeelah. Lẹ́yìn dókítà, ọmọbìnrin yìí nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ náà, torí kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tó ń ta oògùn rẹ̀. Àpínkẹ́ fi ẹ̀rín ròyìn bí òun ṣe ká ọkọ òun mọ́ ìdí ṣúgà. Nabeelah náà bá a rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ibi ewúro. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Mà, ṣé wọ́n gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí?"

"Wọ́n gún un."

"Kí ni wọ́n jẹ lé e?"

"Ògì. Ẹnu méjì."

Nabeelah gbé ohun tó ń kà sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé abẹ́rẹ́ yẹn ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, kẹ̀kẹ́ gígùn náà sì ń fà á wálẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ojú èèyàn á ṣú, á máa ṣe bí ọ̀mùtí, á ṣubú, ó sì lè má dìde.

"Ṣúgà tí ẹ yọ yẹn, oògùn ni, mà. Òun ni wọ́n máa sáré jẹ tó bá ti ń gbé wọn."

Àpínkẹ́ sáré fa fóònù yọ. Ó pe fóònù ọkọ rẹ̀, ó dún títí ó fi sú u. Ó tún un pè. Inú báàgì ni fóònù yẹn máa ń wà, kì í gbé e lójú ọ̀nà. Ó jókòó sórí àga tí Nabeelah fà fún un, ó dìde, ó bọ́ sójú títì, ó dá takisí kan dúró, awakọ̀ bi í níbi tó ń lọ, kò sì mọ èyí tó máa wí. Ó jẹ́ kó lọ. Ó padà wọlé. Èmi ni mo pa á, ló ń sọ lọ́kàn, ọwọ́ ara mi ni mo fi di báàgì yẹn.

Nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo ló ní nínú àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà, ìyẹn Gbádérọ̀, olórí wọn. Bó bá pè é, ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ dọ́gbọ́n sí i. Ó pè é, ó kí i, ó ní kó sọ fún ọkọ òun, Bàbá Láyí, kí wọ́n dúró, òun fẹ́ bá wọn sọ nǹkan kan. Gbádérọ̀ rẹ́rìn-ín, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ní Ẹ̀gbọ́n ti wà níwájú tipẹ́, àwọn ti kọjá Àpáta, àti pé láti ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n ti ń wọ́ kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Òun ní kí wọ́n rọra, ni wọ́n bá bú òun.

"Wọn kì í bú èèyàn, mà. Mo rò pé eré ni."

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Àpínkẹ́ di ojú méjèèjì.

"Gbádérọ̀, àtọ̀gbẹ ń ṣe wọ́n. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún. Èmi ni mo yọ ṣúgà tí wọ́n dì. Sáré bá wọn, kí o fún wọn ní nǹkan dídùn, ohunkóhun, kí wọ́n tó ṣubú."

Gbádérọ̀ ní, "Mo gbọ́, mà," ó sì pa fóònù.

Takisí kejì ni Àpínkẹ́ wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mókọ́lá ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni pé òun ló ń wà á. Ní Dùgbẹ̀, ọkọ̀ há, ó ní kí awakọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Awakọ̀ ní màmá, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó kọjú sí fóònù, kò dún. Láti ibẹ̀ dé Àpáta, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá ọkọ òun padà fún òun pẹ̀lú ìbínú rẹ̀, pẹ̀lú agídí rẹ̀, bó ti wù kó rí.

Omi-Àdìó ló ti bá wọn, níwájú ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Akínbíyìí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn, ìgbúnwọ́ rẹ̀ bó. Inú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀bá títì ló ṣubú sí bí Gbádérọ̀ ṣe ń lé e bá. Ìgò mínírà méjì tó ti ṣófo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, òmíràn ń sọ nípa ewé kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń lò. Àwọn tó ń pè é ní Injíìnì láàárọ̀ ti ń pè é ní Dádì.

Nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ìwọ lo sọ fún wọn."

"Èmi ni."

"Ìwọ náà lo rọ ewúro fún mi. Mo mu ewúro láti Dùgbẹ̀ dé Àpáta."

"Mi ò mọ̀. Ẹ ò sọ ohun tí ṣúgà náà wà fún."

Ó wolẹ̀.

"Bí mo bá sọ ọ́, wàá mọ̀ pé mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì rí. O ò ní jẹ́ kí n gùn ún mọ́."

"Òótọ́ ni, mi ò ní jẹ́," ni Àpínkẹ́ wí. Kò bìkítà ẹni tó ń gbọ́. "Ẹ máa bínú sí mi. Bó bá tún di ọ̀la, màá tún tú àṣírí yín."

Gbádérọ̀ ní ìrìn Abẹ́òkúta ti parí, kí Dádì wọ takisí. Akínbíyìí ní òkú kọ́ lòun. Wọ́n rọ̀ ọ́ títí, ó kọ̀. Wọ́n jẹ́ kó jẹ búrẹ́dì, wọ́n jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan gbáko, àwọn mọ́kànlá tó kù sì yí kẹ̀kẹ́ padà sí Ìbàdàn nítorí rẹ̀. Méjì bọ́ síwájú rẹ̀, ìyókù tò sẹ́yìn. Àpínkẹ́ rí i bó ṣe ń wo ẹ̀yìn àwọn ọmọdé méjèèjì náà, ó mọ̀ pé òun ló gba iwájú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dùn ún wọ eegun.

Kó tó gun kẹ̀kẹ́, Akínbíyìí ti í wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé takisí. Kò wo ojú rẹ̀, bíréèkì ló ń tẹ̀ tó ń tú u sílẹ̀.

"Ọjọ́rú ni mò ń padà sọ́dọ̀ dókítà. Wá bá mi lọ, kí o gbọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ."

Ó lọ dúró sáàárín wọn. Àpínkẹ́ sọ fún awakọ̀ pé kó má kọjá wọn, kó máa tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́. Ó fi ìborùn bojú, ó sì sunkún dé Àpáta.