Ọpọlọ Ọkọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí

Ìyá Agbẹ̀bí ló ń ti ọkọ̀ náà bọ̀ látẹ̀yìn. Aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ ti gba eruku láti àyà dé orúnkún, bàtà rẹ̀ sì ń yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ló bá a fọwọ́ kún un. Rewáyà rí wọn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ fi èjìká tirẹ̀ náà tì í. Nígbà tí ọkọ̀ dúró sábẹ́ òrùlé páànù, agbẹ̀bí kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó mí kanlẹ̀.

"Obìnrin kan bímọ sẹ́yìn ọkọ̀ yìí lánàá, lójú títì gbangba," ló wí. "Ó ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọkọ̀ ni mò ń wí o. Ìyá yè, ọmọ yè. Orí ló kó wa yọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí orí tún máa bá ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Wáyà iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ tí Rewáyà kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú orúkọ tí wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ó sì ti dàgbà débi pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá gbé ohunkóhun tó kéré sí sípánà. Etí rẹ̀ ni kò tíì darúgbó. Bó bá fi ẹnu sukudíráfà kan ẹ́ńjìnnì, tó fi ìdí rẹ̀ kan etí ara rẹ̀, á sọ ibi tó ti ń dùn ún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ agbẹ̀bí wá, òun ló sọ pé pọ́ọ̀ǹpù epo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń kú síbẹ̀.

"Pọ́ọ̀ǹpù náà ni," ni bàbá wí láti orí àga rẹ̀. "Èyí tí wọ́n tà fún wa ni kò dáa. Ẹ jẹ́ ká tún tú u."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Rewáyà, kò ṣeé sọ. À ń fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ta ni yóò wí bẹ́ẹ̀ fún bàbá tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọkọ̀ náà léèrè."

"Ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Èyí ń sọ̀rọ̀, sà."

Ó ki ẹnu ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí kò ṣe àìsàn rí. Lójú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, bíréènì ọkọ̀ ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Bíréènì ni wọ́n ń pe àpótí pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, òun ló ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì: ìgbà tí epo yóò wọlé, ìgbà tí pílọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Rewáyà jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́. Oòrùn ń gun òkè, inú ọkọ̀ ń gbóná. Lójijì, ẹ́ńjìnnì kú. Ó wo ojú ẹ̀rọ. Bíréènì kò dáhùn mọ́.

Ó sáré fi tẹ́sítà kan àwọn wáyà tó ń gbé iná lọ bá a, iná tàn. Oúnjẹ ń dé ẹnu rẹ̀, kò kàn gbé e mì ni. Pọ́ọ̀ǹpù epo jókòó sáyè rẹ̀, ó ń retí àṣẹ, àṣẹ kò wá.

"Wáyà lè ti já níbì kan," ni bàbá wí.

Òótọ́ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Rewáyà dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa wáyà kọ̀ọ̀kan, ó gbọ̀n wọ́n, ó tọ̀ wọ́n lọ dé ìdí ẹ́ńjìnnì. Ìkankan nínú wọn kò já. Nígbà tó jáde, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò jókòó. Ó gba ilé onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ, ó lọ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ irun.

"Ṣé ọkọ̀ yín fẹ́ ròde ni?" ni onídìrí bi í.

"Ó fẹ́ lọ jẹ́wọ́ ni."

Ó dúró títí ọkọ̀ fi tutù pátá. Ó tú àpótí náà síta, ó jẹ́ kó so rọ̀ lára wáyà rẹ̀, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ọkọ̀ sítáàtì. Ó wá dojú ẹ̀rọ ìfẹ́run kọ bíréènì nìkan. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́, ó kú. Ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, ọkọ̀ sítáàtì. Ó tún fi ooru kàn án, ó kú.

Bàbá dìde láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì.

"Kò tíì gbóná rárá," ló wí. Kò sì dárúkọ pọ́ọ̀ǹpù mọ́.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tú ọkọ̀ àlòkù tà ni Rewáyà ti rí bíréènì mìíràn, tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Ó dè é mọ́lẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì sítáàtì, ó kú lójú ẹsẹ̀. Iná pupa kékeré kan tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Kí ló tún dé?" ni agbẹ̀bí bi í.

"Kò mọ kọ́kọ́rọ́ yín ni, mà. Àlejò ni nínú ọkọ̀ yìí."

Ohun tó mọ kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpótí àtijọ́: ègé dúdú kan tí kò tó hóró ìrẹsì, òjé ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní láti yọ ọ́, kó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí tuntun. Bó bá jóná, kọ́kọ́rọ́ yẹn di irin lásán. Rewáyà ti ṣe é rí lára àpótí tó ti bàjẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù agbẹ̀bí dún. Ó gbọ́, ó bi ẹni náà bí ìrora ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí, ojú rẹ̀ wà lára Rewáyà, "mò ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Rewáyà ki irin ìjó-òjé mọ́ iná.

Bàbá fa àga sún mọ́ tábìlì. Ó ti tún rédíò ṣe nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. "Òjé yẹn ń ṣe èéfín jù," ló wí jẹ́jẹ́. "Irin rẹ ti gbóná jù. Jẹ́ kó rọlẹ̀." Rewáyà gbé irin sókè, ó dúró. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín ń gun igi. Nígbà tó tún fi kàn án, òjé yọ́ bí òróró, ègé dúdú náà sì dìde sẹ́nu ẹ̀mú. Ó gbé e sí ilé rẹ̀ tuntun, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Ọkọ̀ sítáàtì. Iná pupa náà kú, ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó dojú ẹ̀rọ ìfẹ́run kọ bíréènì tuntun títí ó fi rẹ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Èmi ni màá gbé yín débẹ̀, mà," ló wí. "Mo fẹ́ rí bó ṣe máa gun òkè ọ̀nà yẹn."

Agbẹ̀bí jókòó níwájú, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó di ìlẹ̀kùn mú ṣinṣin. Bàbá wọ ẹ̀yìn. Agbẹ̀bí ṣàpèjúwe ilé náà: ó wà ní ìsàlẹ̀ lódìkejì òkè, géètì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ní ìdajì òkè, níbi tí ó ti le gùn jù lọ, Rewáyà tẹ iná mọ́ ọn, ó sì na etí sí gbogbo ìró tó ń jáde. Ooru ti kún inú ọkọ̀. Ọkọ̀ ń gùn ún.

Nígbà tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ Ìyá Agbẹ̀bí ti já bọ́ lára ìlẹ̀kùn. Ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, orí rẹ̀ ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Páànù ẹ̀yìn ilé ìdáná wa yẹn," ni bàbá wí láti ẹ̀yìn, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ó yẹ ká ti pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé."

Ìgbà náà ló yé Rewáyà pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló ṣì ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ó fi ẹ̀yìn ti àga.

"Apá òsì ló ń jò jù, Bàbá," ló dáhùn. "Ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."