Ẹran Tó Há Àlájà Lọ́fun

Fọláyọ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá Akíndúró mọ́ra láti ẹ̀yìn nígbà tí Àlájà Hamidah ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà kúrú, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló dúró kó lè rí iwájú. Akíndúró ń rẹ́rìn-ín, ó ń yí ara bí ẹni tí eèrà wọ̀ lẹ́wù. Gbogbo máṣíìnì dákẹ́; àwọn aránṣọ ti yí àga wọn padà, wọ́n ń wòran.

"Subuhánálláhì!" Ìkíni àárọ̀ tí Àlájà kí wọn nìyẹn. "Kí lẹ wá sọ ibi iṣẹ́ mi dà?"

Kíá ni wọ́n tú ká. Akíndúró jókòó gbì, ó ń tọ́ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Fọláyọ̀ nìkan ni kò sá.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ohun tí èèyàn ń ṣe bí oúnjẹ bá há ẹlòmíì lọ́fun ni mò ń kọ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá Akíndúró ni oúnjẹ há lọ́fun."

"Oúnjẹ wo?"

"A kàn ń fi ṣeré ni, mà. Kí a lè mọ̀ ọ́n ṣe bó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́."

"Kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilé ìránṣọ ni mo ṣí, n kò ṣí ọsibítù. Má fi ẹnu rẹ pe jàǹbá wá síbí fún mi."

Fọláyọ̀ ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì padà sídìí tábìlì tó ti ń gé aṣọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ṣakí ni Àlájà. Máṣíìnì alọ́wọ́ tí ìyá rẹ̀ fún un ló gbé wọ Ìbàdàn. Nígbà tó yá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan láti Òkè Àdó dé Challenge tí kò tíì rán yunifọ́ọ̀mù rí nílé ìránṣọ rẹ̀ ní Ring Road. Ohùn ló fi kọ́ ilé náà. Ó lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó sì sọ fún ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pé ìlà tó ń rán ti wọ́, ohùn náà yóò la ariwo máṣíìnì àti ti jẹnẹrétọ̀ já, yóò bá ẹni náà níbi tó wà. Kò sí ẹni tí ohùn yẹn kò lè mú jókòó, àfi Fọláyọ̀.

Àkúrẹ́ ni wọ́n bí Fọláyọ̀ sí, Ìbàdàn ló ti kàwé. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga lápá Àpẹtẹ̀ ló wọ ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa tó ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa, kò sì sí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ fún. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnìkan lọ́wọ́, Fọláyọ̀ ti dé. Bí áyọ́ọ̀nù bá jó ẹlòmíì, òun ni yóò fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, tí yóò ní kó na ọwọ́ náà sábẹ́ omi, kó má tíì yọ ọ́, tí yóò sì máa bú ẹni tó bá gbé pomádà dé. Wọ́n ń pè é ní Dókítà. Ó ń jẹ́ ẹ láìtijú.

Aláṣejù ni, lójú Àlájà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí aṣọ gígé, ṣùgbọ́n aláṣejù ni.

Nígbà tó di ọ̀sán, Àlájà gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà rẹ̀ ka orí tábìlì, ó sì ń fi fóònù bá oníṣòwò aṣọ kan ní Gbági jà. Aṣọ tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ ló wà níwájú rẹ̀.

"Búlúù tí mo ní kẹ́ ẹ kó wá kọ́ nìyí! Ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí dúdú ju báyìí lọ."

Bí ọkùnrin náà ti ń ṣàlàyé, Àlájà ju pọ̀nmọ́ kan sẹ́nu. Ó rò pé òun yóò ti jẹ ẹ́ tán kí àlàyé tó tán.

"Ṣé ẹ rí i, Àlájà," ọkùnrin náà wí, "búlúù ni búlúù ń jẹ́."

Inú bí i. Ó fa èémí sínú láti dáhùn, èémí náà sì gbé pọ̀nmọ́ lọ.

Kò lọ sílẹ̀, kò sì padà sókè. Àlájà fẹ́ wúkọ́, ikọ́ kò jáde. Ó la ẹnu, atẹ́gùn kò wọlé. "Àlájà? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ni fóònù ń wí, kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Islamiat, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ, ló jókòó sí tòsí jù. Ó kọ́kọ́ rò pé ìbínú ni, torí ó ti rí ìbínú Àlájà rí. Ìgbà tó rí i tó gbá ọrùn ara rẹ̀ mú, tí ojú rẹ̀ ń yọ síta, ló figbe ta. Àwọn aránṣọ bo Àlájà lọ́tùn-ún lósì. Ẹnìkan ń fọwọ́ gbá a ní àtàrí, ó ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́ o, Àlájà, pẹ̀lẹ́ o." Ẹlòmíì ní kí wọ́n wá ẹ̀bà, kó gbé òkèlè kan mì, yóò tì í lọ. Islamiat ti bu omi dé, ó ń gbé ife lọ sẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má fún wọn lómi!"

Orí tábìlì ni Fọláyọ̀ gbà kọjá. Àlùmọ́gàjí fò lọ, téèpù fò lọ. Ó gbá ife náà dànù, ó dojú kọ Àlájà.

"Ṣé ẹ lè sọ̀rọ̀, mà? Ẹ wúkọ́."

Àlájà mi orí.

"Ẹ foríjì mí. Mo fẹ́ lù yín."

Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó fi ọwọ́ kan gbé e láyà ró, ó wá fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá a láàárín èjìká méjèèjì. Gbogbo ilé ṣe háà. Ó tún gbá a. Ó tún gbá a. Akíndúró sáré dé, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ṣé orí rẹ pé? Àlájà lò ń lù báyẹn!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ lọ gbé mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà."

Kò pariwo. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ti gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Akíndúró jọ̀wọ́ apá rẹ̀, ó sì lọ.

Pọ̀nmọ́ kò kúrò. Fọláyọ̀ bọ́ sẹ́yìn Àlájà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká a níkùn, àmọ́ ọwọ́ kò pàdé ọwọ́. Àlájà tóbi lára. Ó gbọ́ bí ọmọ náà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn òun, ó ń na ìka, ìka kò kan ìka. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọ̀rọ̀ náà sọ sí i lọ́kàn, bí ẹni pé ẹlòmíì ló wí i. Ọwọ́ náà jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó parí nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ń fò lójú rẹ̀. Ó fẹ́ pe orúkọ Ọlọ́run, ó fẹ́ wí i kó jáde lẹ́nu bí wọ́n ti ń kọ́ wọn láti kékeré. Ahọ́n rẹ̀ mọ ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èémí tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà.

Ni ọwọ́ náà bá tún padà. Ó gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó pàdé lórí egungun àyà rẹ̀ gan-an. Ẹ̀ṣẹ́ kan, àtẹ́lẹwọ́ lórí rẹ̀. Ó fà á mọ́ra pẹ̀lú agbára tí Àlájà kò mọ̀ pé ó wà nínú ara kékeré bẹ́ẹ̀. Ó tún fà á. Àyà ro ó. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ohun kan yẹ̀ nínú ọ̀fun rẹ̀, pọ̀nmọ́ sì fò jáde, ó balẹ̀ sórí aṣọ búlúù náà.

Èémí wọlé. Ó dún bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Kò sí ohun tó dùn tó o láyé.

"Alhamdulilláì!" Islamiat ń sunkún. Wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Fọláyọ̀ ti ń gbé báàgì Àlájà.

"Ó yá, mà. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò. Mo fa àyà yín gan-an."

Àlájà fẹ́ ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ó wo ojú ọmọ náà, ó sì tẹ̀ lé e.

Akíndúró fọn fèrè mọ́tò láti ilé ìránṣọ dé ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn yóò pè wọ́n. Àlájà kò lè gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ kúrò lọ́kàn: bí ọwọ́ kò ti ká a, bí ọmọ náà kò ti ké, tí kò pe ẹnikẹ́ni, tó kàn wá ọ̀nà mìíràn.

"Fọláyọ̀." Ohùn rẹ̀ ha, kò jọ tirẹ̀. "Nígbà tí o jọ̀wọ́ mi, mo rò pé o ti gbà pé mo kú ni."

"Rárá o, mà. Wọ́n kọ́ wa pé bí ẹni náà bá…" Ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. "Bí ọwọ́ kò bá ká èèyàn níkùn, ká lọ sí àyà."

"Bí ẹni náà bá sanra. Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àyà dùn ún. "Èèyàn mélòó lo ti ṣe é fún rí?"

Ilẹ̀ ni Fọláyọ̀ ń wò.

"Kò sí, mà."

"Kò sí kẹ̀?"

"Pílò ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́."

Ìgbà náà ni Àlájà wo ọwọ́ Fọláyọ̀. Ó ti há wọn sáàárín orúnkún bí ẹni tí òtútù ń mú, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ̀n, títí dé ìgbọ̀nwọ́. Láti ọ̀sán ni Àlájà ti ń rò ó pé Ọlọ́run dá àwọn kan tí ẹ̀rù kì í bà. Àṣé ẹ̀rù ba Fọláyọ̀. Ó bà á bí ó ti ba Islamiat tó ń ké àti Akíndúró tó di apá rẹ̀ mú. Bóyá ó tilẹ̀ bà á jù wọ́n lọ, nítorí nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ bí àkókò tó kù ti kéré tó. Ó kàn ní kí ẹ̀rù dúró ná ni, kí òun ṣe iṣẹ́ tán.

Àlájà fa ọwọ́ kan yọ láàárín orúnkún náà, ó fi méjèèjì tirẹ̀ bò ó.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Àlájà Hamidah, ó kàn yín, mà."

Àlájà kò dìde.

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn mi wọlé ná," ó wí jẹ́jẹ́. Ọwọ́ tó wà nínú tirẹ̀ kò tíì fi gbígbọ̀n sílẹ̀.