Ewé Keje Òǹkà, Àbúrò Mi

Àbúrò mi kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Òǹkà. Kí wọ́n tó bí i tán, ó ti ka ìka ọwọ́ agbẹ̀bí, ó ní ó pé. Ẹ má bá mi jiyàn, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Télọ̀ ni èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí ìwé tó ní òun ò kà mí mọ́.

Àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín ni Òǹkà fẹ́ràn jù, àwọn olóríkunkun bíi méje àti mẹ́tàdínlógún. Ó ní òun ti rí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ̀lé ara wọn. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì títí ẹsẹ̀ ẹni tó ń pín lẹ́tà fi kúrú sí i. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló fèsì, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì: "Máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Kó gbogbo rẹ̀ wá. Bí ìṣirò náà bá dúró, wàá máa bá wa ṣiṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà, Òǹkà ò mọ omi yàtọ̀ sí ọbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, mo sìn ín lọ. Yàrá wọn ga débi pé bó o bá sín níbẹ̀, ọ̀la ni òrùlé máa kí ọ pẹ̀lẹ́. Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì jókòó pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n kejì, ọkùnrin onígíláàsì kan tójú ẹ̀ le bí kókó igi. Òǹkà ń kọ sára pátákó, ṣọ́ọ̀kì ń fọ́. Ó ka ewé kẹfà ìṣirò rẹ̀ tán, ó ṣí i, ewé kẹjọ ló bá pàdé.

"Ẹ̀gbọ́n, ewé keje dà?"

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bébà ńlá kan náà tí mo fi ń gé pátáànì ni Òǹkà fi ń ṣe ìṣirò.

"Mo ti gé e," ni mo wí. "Mo fi gé ìdí ṣòkòtò ọ̀gá panápaná."

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ìdí kí ni?"

"Ìdí ẹ̀ gbòòrò, sà. Bébà kékeré ò lè gbà á."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé jàre, mà."

Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ tábìlì. "Ìwọ ni kó o máa lọ sílé. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Ọkùnrin náà kùn, ó tẹ̀ lé wa.

Ní ṣọ́ọ̀bù, a to ègé mẹ́rin tí mo gé ewé keje sí sórí tábìlì mi, etí kan etí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjèèjì kà á, wọ́n mi orí. Òǹkà kà á, ìka rẹ̀ ò kúrò lórí ìlà kan mọ́. Mo mọ ìka yẹn láti kékeré. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Wọ́n ti gbà á," mo sọ sí i létí. "Dákun, panu mọ́."

"Ẹ má bínú, mà," ni Òǹkà wí. "Ibí yìí ò dúró. Mo kàn gbà pé bó ṣe rí fún àwọn kékeré ló máa rí fún àwọn ńlá. Mi ò tíì fi hàn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ègé bébà náà jọ, ojú rẹ̀ kún fómi. Èmi tí mo lè pa òkú lẹ́rìn-ín, mi ò rí awàdà kan ṣe.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì dì í lọ́wọ́ mú. "Fi sílẹ̀. Àwa méjì kọjá lórí ihò yìí, à ń mi orí bí alángbá." Ó yíjú sí Onígíláàsì. "Ọdún mélòó lo fi bá mi jà lórí àṣìṣe tó o mọ̀ pé o ṣe?"

"Mọ́kànlá, mà."

Ọkùnrin náà ò wojú ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ. "Ọmọ, ibo lo ti kọ́kọ́ ṣiyèméjì?"

Òǹkà nu ojú, ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tó ń sọ pé, "Rárá o, sà, ẹ ò tíì gbọ́ mi yé ni," ọkùnrin ojú kókó náà sì ń dáhùn pé, "Ó dáa, tún un sọ."

"Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, wá sí yàrá mi," ni Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì wí fún Òǹkà. "Mú ihò náà dání."

Mo ní mo fẹ́ bu omi mímu wá fún wọn. Mo nu ojú tèmi náà lẹ́yìn ilé kí n tó gbé e wọlé.