Ejò Tó Sáré Wọ Abẹ́ Ègé Aṣọ

Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni Ìyá Aránṣọ bá ara rẹ̀. Bí ìdí ńlá tó máa ń ráhùn kó tó kúrò lórí àga ṣe gbé e débẹ̀, òun náà ò lè sọ. Ó ṣáà mọ̀ pé nǹkan kan ta gba iwájú ẹsẹ̀ òun kọjá, ó wọ abẹ́ òkìtì ègé aṣọ ní kọ̀rọ̀, òun sì ti pariwo pé paramọ́lẹ̀ ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wá bá a gbé títí yóò fi bímọ, ti ń ti aṣọ bọ inú báàgì lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ikùn ti yọ síwájú.

"Màmá, mo ti pe ọkọ mi, ó ń bọ̀ wá gbé mi. Mi ò lè bímọ sílé tí paramọ́lẹ̀ ń gbé."

Ìyẹn já Ìyá Aránṣọ láyà ju ejò lọ. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti dé ni kò ti dá jókòó máa bá ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ní sùúrù. Èyí tí mo rí yẹn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní ìlà láti ọrùn dé ìrù, gbọọrọ, bí ẹni fi rúlà fà á."

"Paramọ́lẹ̀ lẹ pè é."

"Ẹ̀rù ló pè é bẹ́ẹ̀. Paramọ́lẹ̀ sanra bí apá mi yìí, ara rẹ̀ rí bátabàta, ọ̀lẹ sì ni. Èyí sáré ju ìwọ lọ nígbà tí mo bá ní kó o wá fọ abọ́."

Ọmọ náà pa ẹ̀rín mọ́nú. "Tó bá jẹ́ sèbé ńkọ́?"

"Sèbé máa ń fẹ ọrùn. Mi ò rí i bóyá èyí fẹ̀ ẹ́. Ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kó o lọ dúró síta lójú fèrèsé. Jẹ́ ká rí i dáadáa kó o tó lọ."

Ìyá Aránṣọ dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ìdí lókè bí òrùlé, ó na ọ̀pá tó fi ń gbé aṣọ kọ́, ó sì fi ṣí òkìtì náà. Aláǹgbá kan ló kọ́kọ́ bẹ́ jáde. Ejò tẹ̀ lé e, fíó. Lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn, ó gbórí sókè díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò fẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ rí roboto, ó tóbi jù fún orí rẹ̀. Kí wọ́n tó mí, ó ti wọ inú koríko.

"Màmá, mo rí i. Aláǹgbá ló ń lé."

"Ṣó fẹ ọrùn?"

"Kò fẹ̀ ẹ́. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn tí kì í ṣe ni mo mọ̀. Gbé àpótí wá, jàre, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ọmọ lè gbé àpótí. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Má tíì máa bọ̀." Ó wá na ìka sí abẹ́ ilẹ̀kùn. "Àmọ́ àlàfo yìí, Màmá. Ibẹ̀ ló gbà wọlé."

Ìyá Aránṣọ fa aṣọ onílà kan yọ, ó rán an gbọọrọ bí àpò tóóró. Ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ ti báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó, ó ń fi ègé aṣọ kún un. Wọ́n tẹ́ ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ wò ó títí.

"Ẹ rán ojú ejò sí i."

Ìyá Aránṣọ tú agolo bọ́tìnnì, ó sì ṣa méjì tó tóbi jù.