Màmá Gé Áàpù Mi

Adùnní, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó pòórá lórí mi. Mo lálàá pé mo ti parí áàpù tí mò ń kọ fún Màmá, èyí tí yóò máa tọ́jú ìwọ̀n àwọn oníbàárà wọn ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. O mọ̀ pé ohun kan náà tí mo fi ń kọ ojú-òpó ayélujára ni mo fi ń kọ ọ́, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ṣí i, ó fẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ, etí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Màmá yọ téèpù lọ́rùn. "Ta ló kọ́ ọ pé kí o gé aṣọ láì tíì wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́?" Wọ́n wọn kọ̀ǹpútà léjìká, wọ́n gé áàpù, wọ́n rán etí rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ fún un. Ó bá a mu rẹ́gí. Gbogbo orúkọ oníbàárà tí òjò bà jẹ́ nínú ìwé ìwọ̀n Màmá ń yọ sójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń fò sókè bí ọmọdé. Màmá ní, "Ó ku orúkọ tèmi. Tẹ ibẹ̀ yẹn kó wọlé." Mo na ìka, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ni mo bá gbọ́ tí o ní kí n gbé ọwọ́ kúrò ní imú rẹ.