Sàréè Nüzhet Páṣà

Ẹ ti fura, ẹ kò sì ṣìnà: Rüknettin, tó ń fi bàbá ńlá rẹ̀ tó jẹ́ Páṣà yangàn káàkiri ìlú Amasya ní Tọ́kì, kò lè ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta sàréè Páṣà náà. Ọdún tó wọ ilé ìwé gan-an ni ìjọba pa lẹ́tà Lárúbáwá àtijọ́ rẹ́. Ìyá rẹ̀ ló na ìka sí fìlà òkúta tó jẹ́ àmì oyè lórí sàréè náà pé, "Bàbá ńlá rẹ nìyẹn." Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe abaraámóorejẹ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí kì í lọ tu koríko ibẹ̀, kó ṣàdúrà, kó dúpẹ́: fún iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀, fún ìyàwó rere, fún onígbàjámọ̀ tó máa ń sọ pé "Ọmọ Páṣà, ẹ jókòó," kí ẹlòmíràn tó jókòó.

Ní ọdún yìí ó fẹ́ kan pátákó irin mọ́ sàréè náà, kí orúkọ ìdílé tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè bá a jiyàn mọ́. Bekir tó ń kọ pátákó gbàgbé ìrù tó yẹ kó wà lábẹ́ "ş" nínú oyè náà, "Paşa".

"Ìrù rẹ̀ dà?" ni Rüknettin bèèrè. "Ẹni tó jẹ́ olórí ogun, tó tún jẹ́ gómìnà, ẹ wá gé oyè rẹ̀ nírù bí ajá."

"Ẹ má bínú, ọmọ Páṣà. Màá fi ìrù sí i, kódà méjì. Ọdún wo ni wọ́n kú?"

Ìbéèrè yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Safinaz Hanım, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ṣì mọ lẹ́tà ayé ọjọ́un kà. Ó mú ìyá àgbà náà dé ibi sàréè, ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ nu òkúta.

"Olùkọ́ mi, ṣé Páṣà ni lóòótọ́?"

"Páṣà ni. Nüzhet Páṣà. Fìlà yẹn ò purọ́."

"Alihamudu lilahi." Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà.

"Rüknettin, fara balẹ̀, mi ò tíì kà á tán. Páṣà náà ń dúpẹ́ níbí."

"Lọ́wọ́ ta ni, mà?"

"Lọ́wọ́ rẹ." Safinaz Hanım ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó rọra kà á. "'Ìwọ èrò ọ̀nà tó dúró tì mí, Ọlọ́run á san án fún ọ. Ka Fátíà kan fún mi, torí mi ò bímọ kankan tí yóò kà á.'"