Kó Tó Di Ìyá

...àti pé ọwọ́ òsì ló fi tú gèlè. Ọwọ́ òsì. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Ìyá Ìloro mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni, ó sì mọ̀ pé kì í yára. Á kọ́kọ́ wo ẹni tó ń bá a fa ọ̀rọ̀. Á tú gèlè. Á ká a sí mẹ́ta lórí orúnkún. Ìgbà yẹn ni ẹnu rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọmọbìnrin inú ìpolówó fíìmù tuntun yìí kàn fa tirẹ̀ yọ ni, ó sọ ọ́ sí èjìká bí ẹni tó fẹ́ lọ wẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti wo ìpolówó náà. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, wọ́n fi ṣíwájú fíìmù mìíràn, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wá àyè jókòó. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, mi ò rí Ìyá Ìloro níbẹ̀.

Fíìmù ọ̀hún gan-an ti wá dé ọwọ́ mi báyìí. Ó wà nínú ọ̀rá dúdú lórí itan mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Olówógbowó, ìpele karùn-ún láti ìsàlẹ̀, níbi tí pákó ti sán díẹ̀. Lókè, wọ́n ń dúró dè mí. Wọ́n ti tan fídíò. Wọ́n ní kí n yára kí NẸ́PÀ tó yí ọkàn padà. Kí n gòkè. Kí n kàn gòkè, kí n ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu ẹ̀rọ, kí n wá igun kan jókòó sí...

Mi ò lè gòkè.

Kí Ìyá Ìloro Tó Di Ìyá. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú lẹ́tà pupa. Àgbàlagbà ni fíìmù àkọ́kọ́ bá a, opó tó jókòó sí ìloro agbo ilé, tí ẹnì kan ò lè wọlé tàbí kó jáde láìtọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ní òun fẹ́ padà sẹ́yìn. Òun fẹ́ fi ìgbà ọmọge rẹ̀ hàn wá. Ta ló bi wọ́n? Àgbà òṣèré tó ń ṣe é kò sí lára páálí. Ojú ọmọ tuntun yìí ló gba gbogbo ibẹ̀, ojú tó ń dán, ojú tí ìyà kankan ò tíì kọ nǹkan sí.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí àgbàlagbà ọ̀hún máa fi ọ̀pá sáré ìfẹ́ ni?" Obìnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ní ìsọ̀ Bashiru ọ̀rẹ́ mi ní Ìdúmọ̀tà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà wò mí. Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni...

"Sùrá, àwọn tó ti wò ó ní ọmọ yẹn gbìyànjú." Bashiru nìyẹn. Gbìyànjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá mi jáde — Sùrájù gbìyànjú. Mo sọ fún un pé ọwọ́ òsì ló fi tú gèlè. Ó wò mí títí. "Ọ̀rẹ́, fíìmù ni jàre. Ṣé ìyá ẹ ni?"

Ó gbàgbé ni. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó rántí. Kíá ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rá tó máa fi kásẹ́ẹ̀tì sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá wà níwájú rẹ̀.

Ìyá mi kọ́. Mo mọ̀ pé ìyá mi kọ́. Ṣùgbọ́n... ibi tí ìyá mi bá jókòó sí, ibẹ̀ ni Ìyá Ìloro máa ń wà. Lórí àpótí kékeré yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú omi gbígbóná nítorí wíwú. Ẹ̀ẹ̀melòó la wo fíìmù yẹn? Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó, òjò ti ń rọ̀ lójú rẹ̀. Ìyá mi mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí. Á ti sọ ọ́ ṣáájú Ìyá Ìloro. Á tú gèlè tirẹ̀ náà, á ká a sí mẹ́ta, á wá yíjú sí mi: "Ìwọ wo ló ń wọlé láìkí mi yìí?" Èmi tí mo ti jókòó síbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ bo ẹnu...

Oṣù mẹ́fà rèé tí a sin ín. Àwọn ìgbà mìíràn, tí mo bá fẹ́ rántí ojú rẹ̀, ojú òṣèré yẹn ló ń kọ́kọ́ wá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú òṣèré á kọ́kọ́ yọ, ti ìyá mi á wá tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti yàrá jáde bọ̀ wá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún mi nìyẹn. Tí wọ́n bá wá gbé ọmọge kan dí i ńkọ́? Tí mo bá pe Ìyá Ìloro, tó jẹ́ pé elójú dídán yìí ló dá mi lóhùn — ta ló máa mú ìyá mi wá?

Ọmọ náà ń sunkún lókè.

Ọmọ náà. Mo tún ti sọ ọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ìyá wa ni Àlímọ̀t ẹ̀gbọ́n mi bí i. Alfa ní Mariyah lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí Alfa tó la ẹnu, gbogbo ilé ti ń pè é ní Ìyábọ̀. Wọ́n ń kí i. Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ẹ kú ìrìn. Àwọn àgbà pẹ̀lú ewú lórí, wọ́n ń fi 'ẹ' pọ́n ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lé. Màmá Jimoh, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nìkan ni kò fi 'ẹ' kún tirẹ̀. Ó gbé e sókè: "Àbúrò mi, o tún dé? Ó dáa. Lọ́tẹ̀ yìí, wàá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kéré. Wọn ò wú.

Mi ò tíì pè é ní Ìyábọ̀ rí. Ọmọ náà ti jí. Ọmọ náà ti sùn. Mo rò pé kò sẹ́ni tó fura. Lánàá, Àlímọ̀t ń ká ìlédìí, kò gbójú sókè. "Sùrá, kí lọmọ mi ṣe ẹ́?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èèyàn ò lè kàn mú ẹni tuntun, kó fún un lórúkọ ẹni tó ti lọ, kó ní òun náà ni? Ìyá mi ń fi orúnkún mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Kí ni èyí mọ̀? Ọmú nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí, nínú ilé, nínú fíìmù. Àga ò tíì tutù, wọ́n ti gbé ẹlòmíràn jókòó sí i, wọ́n sì ní kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́...

Màmá Jimoh ló rán mi lọ gba fíìmù yìí. "Kí àwa náà wo ibi tí ẹnu obìnrin yẹn ti kọ́kọ́ mú." Kò yà mí lẹ́nu. Òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ fẹ́ràn rẹ̀. Ká ní ìyá mi wà, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ì bá ti rán mi. Kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ì bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, ì bá ti máa wò ó. Kí ni ì bá sì sọ sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yẹn? Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Ì bá ní: ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n ti nà án kúrò níbẹ̀ ni?

Wọ́n ti nà án...

Dúró ná. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Wọ́n bí i lọ́lọ́wọ́ òsì, wọ́n wá ń nà án títí ó fi di ti ọ̀tún, bí wọ́n ṣe ń nà gbogbo ọlọ́wọ́ òsì. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yára. Kì í ṣe ìgbéraga rárá. Ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń lò. Ọmọbìnrin yẹn ò ṣì í ṣe.

Wọ́n nà án. Níbo ni mo ti gbọ́ ọ...

Ọjọ́ fìdáù ìyá mi. Màmá Jimoh jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó ń nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò mọ̀ pé ìyá àwọn Sùrájù a máa súfèé? Tó bá súfèé lójúlé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ará Ìdúmàgbò á bojú wẹ̀yìn. Bàbá wa ló fi pàṣán gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kì í súfèé." Ó fẹ́ máa bá a lọ. Ó wo apá ibi tí mo wà. Èmi dìde. Mo ní mo fẹ́ lọ kó àga. Kò sẹ́ni tó rán mi ní àga. Mi ò fẹ́ gbọ́ nípa ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀. Ìyá mi ni mò ń sunkún.

Sítóòfù.

Tí ìyá mi bá fẹ́ pa sítóòfù, á bẹ̀rẹ̀, á yọ ẹnu ṣóńṣó, á fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ yẹn máa ń ní ohùn. Ohùn tínrín kan báyìí, á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Á sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Á wẹ̀yìn wò. Mo rò pé nítorí èéfín ni. Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé èéfín ni.

Kì í ṣe èéfín.

Ó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń súfèé yẹn wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, lẹ́yìn ọwọ́ yẹn, láàárọ̀, lálẹ́, nídìí ìkòkò... Àwọn tó ṣe fíìmù yìí jókòó, wọ́n bi ara wọn léèrè: kí ni Ìyá Ìloro jẹ́, kó tó di ìyá? Ẹni tí kò sí rí. Wọ́n ro ti ọwọ́ rẹ̀. Èmi — ọdún mọ́kàndínlógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú àwa méjèèjì níwájú fídíò — mi ò bi í léèrè rí. Mo rò pé ojú tuntun yìí ló fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Kí ló wà lọ́wọ́ mi? Ìlàjì ni mo sin.

Mo yọ ẹnu ṣóńṣó. Mo fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ lásán.

Orin wo ni? Orin wo ló máa ń fi súfèé? Màmá Jimoh mọ̀ ọ́n. Ó wà lókè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Mo ṣì jókòó. Ìpele karùn-ún. Ọ̀rá dúdú ti ń lẹ̀ mọ́ mi nítan nítorí òógùn. Iná ṣì wà, mò ń gbọ́ fáànù. Ẹkún yẹn ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀... rárá, kò dákẹ́. Ìyábọ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀.